Elégédé, Eegun, Àdán tàbí Àlọ́: Èwo Ni Ẹ Ó Bá Àwọn Ọmọ Ṣe Ní Họlidé Halloween?

Ẹni tó bá ń tọ́mọ nílùú ọba mọ ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìparí oṣù kẹwàá ni. Ilé ìwé á ti fún ọ̀sẹ̀ kan, ewé á wọ́ bo ojú ọ̀nà, òjò wínníwínní ò sì ní jẹ́ kí ọmọ ráyè ṣeré níta. Tó bá wá di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù, wọ́n á yí aago sẹ́yìn, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ á ti ṣú. Ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò á kún fún aláǹtakùn onírọ́bà àti iwin aláṣọ funfun. Àwọn ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀: "Mọ́mì, kí la máa ṣe fún Halloween?"

Nílé tèmi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ mẹ́ta ló ń béèrè. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 4, èkejì ọmọ ọdún 8, ẹ̀gbọ́n wọn sì jẹ́ ọmọ ọdún 12. Bàbá wọn, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọjọ́ náà. Èmi náà ò fẹ́ kí odindi ọ̀sẹ̀ kan lọ sórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn la ti ń dán oríṣiríṣi nǹkan wò, èyí tó dára àti èyí tó jẹ owó dànù. Mo tò wọ́n síwájú ara wọn síbí fún òbí tó bá ń ronú ohun tí yóò mú.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Owó ni àkọ́kọ́, àmọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni mò ń kà. Ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn, ẹ ka oúnjẹ tí àwọn ọmọ á béèrè lójú ọ̀nà, ẹ sì ka ẹrù tí ẹ ó rà lónìí tí ẹ ó kó dànù lọ́la. Lẹ́yìn owó, ṣé eré náà ṣeé gbọ́kàn lé? Bí òjò bá rọ̀, bí ọmọ kan bá jí pẹ̀lú ibà, ṣé ó ṣì ṣeé ṣe?

Ẹ̀rù ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù díẹ̀ dà bí ata nínú ọbẹ̀: ó ń la ọmọ lójú, ó ń ṣí i létí, á fẹ́ mọ ohun tó kàn. Tó bá ti pọ̀ jù, ọmọ á di ojú, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìwọ̀n tí ọmọ ọdún 12 lè gbà á pa ọmọ ọdún 4 lẹ́kún.

Ní ti ẹ̀kọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo fi ń dá a mọ̀. Ìyá mi máa ń pè láti Ìjẹ̀bú-Òde ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó bá pè lẹ́yìn họlidé, kí ni àwọn ọmọ ń ròyìn fún un láìjẹ́ pé mo fi sí wọn lẹ́nu? Ohun tí wọ́n bá sọ fún màmá àgbà, ìyẹn ni wọ́n kọ́.

Ìgbàgbọ́ ilé ló kù, ọ̀rọ̀ náà sì gba sùúrù. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ ni orúkọ Halloween túmọ̀ sí. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni àjọ̀dún yẹn, wọ́n sì ń rántí àwọn òkú lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n àsìkò náà bọ́ sí ti Samhain, ọdún àtijọ́ àwọn ará Ireland àti Scotland, tí wọ́n fi ń parí ìkórè, tí wọ́n sì gbà pé ààlà àárín òkú àti alààyè máa ń fẹ́lẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nítorí náà, Kristẹni kan lè sọ pé ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kí èkejì ní ọjọ́ abọ̀rìṣà ni, kí àwọn méjèèjì sì rí nǹkan tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí tí mo mọ̀ náà ò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ìpinnu ilé yín ni. Mo máa sọ èyí tí kò ní iwin kankan nínú, kí ẹni tí kò fẹ́ lè mọ ibi tí yóò yà sí.

Elégédé

Òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń rò, bẹ́ẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Turnip tó le bí òkúta ni wọ́n ń gbẹ́ ihò sí nínú ní Ireland àti Scotland, tí wọ́n ń gbé iná sí. Ìgbà tí àwọn ará Ireland kó lọ sí Amẹ́ríkà ni wọ́n pàdé elégédé, tó tóbi jù ú lọ, tó sì rọrùn láti gbẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni elégédé ti tàn ká ayé, títí dé oko àwọn baba wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀ jẹ iyán rí, ewé elégédé lẹ jẹ.

Ọ̀nà méjì ló wà láti rí i. Èyí tí àwọn òbí ń gbé fọ́tò rẹ̀ kiri ni oko elégédé. Ẹ ó san owó ìwọlé, ẹ ó san owó elégédé lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ lára àwọn oko náà ni bọ́ọ̀sì kì í sì í dé. Lọ́dún kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú la ti sanwó. Òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí ọjọ́ tí à ń lọ. Ẹrẹ̀ mu wá dé kókósẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú elégédé tó kù ti ń jẹrà nísàlẹ̀, wọn ò sì dá kọ́bọ̀ padà. Nígbà tí ìyá mi pè, ẹrẹ̀ ni àwọn ọmọ ròyìn fún un.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ra elégédé kan ní súpámákẹ́ẹ̀tì, kò ju páùn méjì lọ. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, mo gé orí rẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, mo ní kí ọmọ ọdún 8 nawọ́ sínú rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgùnpá, ó fa okùn yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ kan jáde tí kóró funfun so mọ́ káàkiri, ó gbé e sókè sí iná, ó ní, "Mọ́mì, egúsí!"

Kò jìnnà sí i. Ìdílé kan náà ni elégédé àti egúsí, àwọn àti kùkúńbà àti wọ́tàmẹ́lọ̀nù. Mo bu egúsí díẹ̀ láti inú ike, mo kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóró elégédé, wọ́n sì ń fi èékánná bó méjèèjì wò bóyá inú wọn jọra.

A fọ kóró náà, a nù ún, a bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Mo ní kí wọ́n má kà á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá bíi ti ilé ìwé. Kí wọ́n tò ó ní ogún-ogún bí ìṣirò Yorùbá ṣe ń lọ. Òkìtì méjì, ogójì. Òkìtì mẹ́ta, ọgọ́ta. Ọmọ tó ti ń ka orúkọ wọ̀nyí bí orin láti kékeré dúró lójijì, ó fi ìka kan òkìtì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Ṣé ọgọ́rin wá jẹ́ ogún mẹ́rin ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ọgọ́rùn-ún wá jẹ́ ogún márùn-ún?" Ọ̀nà tó gbà ń sáré to ìyókù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fóònù sílẹ̀ ó wá bá a. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, òkìtì ogún ló wà lórí tábìlì, kóró méjìlá sì ṣẹ́kù: irinwó lé méjìlá. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, pẹ̀lú bí òkìtì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́.

Lẹ́yìn kíkà, ẹ fi iyọ̀ àti òróró díẹ̀ pò ó, ẹ yan án nínú ófùn fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ máa yí i. Ara elégédé tí wọ́n ń tà fún gbígbẹ́ kún fún omi, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn nínú ọbẹ̀, ẹ má retí púpọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà ni kó mú ọ̀bẹ. Kí ọmọ fi bírò ya ohun tó fẹ́ kí wọ́n gé. Ojú ẹlẹ́rù kò pọn dandan. Bàbá àwọn ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló gé ti ọdún yẹn: lẹ́tà Ẹ tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ wa kan, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà sì jókòó síwájú rẹ̀ títí ó fi sùn. Àbẹ́là oníbátìrì ni kí ẹ gbé sínú rẹ̀. Tó bá ti ń jẹrà, inú garawa àjẹkù oúnjẹ ni kó lọ; ẹ má gbé e jù sínú igbó, nítorí ó lè ṣe àwọn ẹranko kékeré ibẹ̀ nínú.

Eegun

Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni mo lè mú lọ́dọọdún, eegun ni mo máa mú. Ó ń dẹ́rù ba ọmọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbé e kiri nínú ara rẹ̀.

Èdè ni mo kọ́kọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi àgbà rí egungun onírọ́bà tí aládùúgbò so mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó kígbe pé, "Ẹ wo eégún!" A wọlé, mo kọ ọ̀rọ̀ méjì sórí pátákó ara fíríìjì: eegun, eégún. Èkínní ló gbé ara ró. Èkejì ni ará ọ̀run tó ń jáde lọ́dún. Àmì ohùn nìkan ló là wọ́n láàárín. Ọmọ tó ti ń bi mí láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí ni àmì orí ọ̀rọ̀ wúlò fún kò béèrè mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo sì fi kún un, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí fi kún un: eégún wa kì í ṣe aṣọ Halloween. Ìrántí àwọn baba ńlá ni, ó ní ìdílé tó ni ín, ó ní oríkì. Ẹ ò nílò láti wà nínú ẹ̀sìn náà kí ẹ tó bọ̀wọ̀ fún un.

Nílé, ìwé dúdú, gọ́ọ̀mù àti igi òwú tí a fi ń fọ etí ti tó láti ya egungun odindi ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ kan ti ara wọn bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Eegun 206 ni àgbàlagbà ní. Ti ọmọ tuntun sún mọ́ 300, nítorí púpọ̀ nínú wọn ṣì máa so pọ̀ bó ṣe ń dàgbà. Èyí tó gùn jù wà ní itan, èyí tó kéré jù wà nínú etí. Ọmọ ọdún 4 mi kò gbàgbé ti inú etí yẹn. Gbogbo àlejò tó wọlé ló ń bá fọwọ́ dí létí.

Ẹ wá gbé wọn lọ sí Natural History Museum ní South Kensington. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó nínú bọ́ọ̀sì, àgbàlagbà kan tó sanwó sì lè mú tó mẹ́rin wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2017 ni eegun àbùùbùtán kan tí wọ́n ń pè ní Hope ti wà ní gbọ̀ngàn àbáwọlé, ó gùn ju mítà 25 lọ, wọ́n so ó rọ̀ bí ẹni tó ń wẹ̀ sódò. Ẹ ní kí àwọn ọmọ wo apá rẹ̀ dáadáa: eegun ìka ló wà níbẹ̀, bí ẹni pé ó wọ ìbọ̀wọ́. Àléébù rẹ̀ ni èrò. Lọ́sẹ̀ họlidé, ìlà máa ń yí ilé náà ká, nítorí náà ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kí ẹ sì dé ní kùtùkùtù. Ẹ di oúnjẹ dání. Jọ̀lọ́ọ̀fù inú fúlásíìkì ti gbà wá lọ́wọ́ ìnáwó níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Fún ọmọ tó ti lé lọ́dún 10, Hunterian Museum ní Lincoln's Inn Fields wà, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ má mú ọmọ kékeré lọ. Ẹ̀yà ara ènìyàn àti ẹranko ló wà nínú ìgò níbẹ̀. Èmi àti àkọ́bí mi nìkan la lọ. Mo sọ ìtàn Charles Byrne fún un, ará Ireland tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, tó kú ní 1783. Ó ti bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n sin òun sínú òkun kí àwọn oníṣẹ́ abẹ má bàa rí òkú òun gbé. John Hunter, oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ mùsíọ́ọ̀mù náà, fowó ra òkú rẹ̀, eegun rẹ̀ sì wà níta fún àwọn ènìyàn láti máa wò ju igba ọdún lọ. Nígbà tí mùsíọ́ọ̀mù náà tún ṣí ní 2023, wọn ò gbé e síta mọ́. Ọmọ mi béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti wá sin ín?" Mo ní rárá, wọ́n ṣì tọ́jú rẹ̀ fún ìwádìí. Ó dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ṣé kò ní ẹbí ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn la sọ nínú bọ́ọ̀sì títí a fi délé.

Ilé ìdáná

Èyí ni fún ọjọ́ òjò. Ẹ wá kọ́ọ̀nfúláwà ife méjì, ẹ fi omi ife kan pò ó, ẹ kán àwọ̀ ewé sí i kó lè jọ ti iwin. Bí ẹ bá rọra ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń ṣàn. Bí ẹ bá lù ú, ó le bí ògiri. Ẹni tó ti ha ògì tó sẹ̀dí rí kò ní yà lẹ́nu, àmọ́ ó máa ń ya ọmọ lẹ́nu gan-an. Ẹ tún lè da sódà tí a fi ń yan kéèkì sínú elégédé tí ẹ ti gbẹ́, kí ẹ bu fínígà lé e: ìfófòó á máa yọ láti ojú àti ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide ló ń jáde nígbà tí kíkan bá pàdé sódà.

Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, òjò kò kàn án, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kò dájú. Bí ẹ kò bá bi wọ́n kí wọ́n tó dà á pé "kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?", kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yí ìwọ̀n padà láti wò ó, ìdọ̀tí lásán ló máa kù. Lọ́dún tí mo kàn jẹ́ kí wọ́n máa dà á, ìyá mi ò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ yẹra fún yìnyín gbígbẹ tí àwọn kan fi ń ṣe èéfín. Ó tutù dé ìwọ̀n 78 nísàlẹ̀ òdo, ó ń bó ènìyàn lára bí iná.

Ìrìn alẹ́: àdán àti ewé

Kò sí iwin nínú èyí, ó sì wu bàbá wọn. Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn òwe náà kí wọ́n tó rí àdán kankan. Irú àdán 18 ló wà ní Bìrìtéènì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, pipistrelle, wúwo tó nǹkan bí owó ẹyọ 20p, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ tó 3,000 kòkòrò lóru kan. Ẹni tó bá ka ìwé ní Ifẹ̀ tó sì mọ àwọn àdán ńlá tó ń kún ojú ọ̀run ọgbà yunifásítì ibẹ̀ lálẹ́ yóò ní ìtàn láti fi wé e: ti ibẹ̀ yẹn, èso ni wọ́n ń jẹ. Ohùn tí àwọn kékeré yìí fi ń wá ọ̀nà ga kọjá ohun tí etí wa lè gbọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín, kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ní ìparí oṣù kẹwàá, òtútù ti ń mú àwọn àdán náà wọ ibi tí wọn yóò sùn sí títí òtútù á fi tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ sí páàkì nírọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la rí méjì. Ẹ yan ọjọ́ tí kò tutù púpọ̀, tí afẹ́fẹ́ kò sí, kí ẹ dúró nítòsí omi ní kété tí oòrùn bá wọ̀. Òfin dáàbò bo àdán níbí, nítorí náà ẹ má yọ ibi tí wọ́n ń sùn lẹ́nu.

Bí ẹ ò bá rí àdán, ẹ ṣa ewé. Àwọ̀ ìyeyè inú ewé ti wà níbẹ̀ látìgbà ooru, chlorophyll tó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá kúrú tí igi jáwọ́ nínú ṣíṣe chlorophyll, ìyeyè á yọjú. Ti pupa yàtọ̀: ìgbà ìwọ́wé gan-an ni ọ̀pọ̀ igi tó ní in máa ń ṣe é.

Àlọ́

Kò ná yín ní nǹkan kan, àfi àkókò yín àti ohùn yín. Alẹ́ ni wọ́n ń pa àlọ́, ìlú òyìnbó sì fún wa ní alẹ́ tó gùn lásìkò yìí. Ẹ pa iná, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì kan sílẹ̀, kí ẹ sì pè é: "Ààlọ́ o!" Kí wọ́n dáhùn: "Ààlọ̀!"

Àlọ́ àpamọ̀ ni kó ṣáájú, kí ara wọn lè yá. Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? Àgbàrá. Òrúkú tindí tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò? Ẹ̀wà. Ọmọ mi kejì sáré lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù, ó bu ẹ̀wà wá, ó ń wo tìróò ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù á wá wọlé. Ìyá mi ló máa ń pa ti egbére fún wọn lórí fídíò: ẹbọra kúkúrú tó ń gbé ẹní kiri nínú igbó lóru, tó ń sunkún láìdákẹ́, tí ẹni tó bá gba ẹní rẹ̀ tó sì fara da ẹkún rẹ̀ yóò di ọlọ́rọ̀. Ó mọ ẹkún náà í sun. Àbígbẹ̀yìn mi fa aṣọ ìbora bojú, ó wá fi ojú kan ṣoṣo sílẹ̀ níta. Ìyá mi rí ojú kan yẹn lórí fóònù, ó sì dín ohùn rẹ̀ kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo tò síbí, àlọ́ nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wo ojú ọmọ náà.

Ó ní ìṣòro tirẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa á tètè sú; àlọ́ tó ní orin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún irú wọn, nítorí ègbè orin ni ẹnu wọn kọ́kọ́ ń gbà. Iná lè lọ nílé, kí fóònù màmá àgbà kú láàárín ìtàn. Bí wọ́n bá sì ti yí aago, ẹ rántí pé Nàìjíríà á fi wákàtí kan ṣáájú wa.

Kíkan ilẹ̀kùn kiri, tàbí ìrọ̀lẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì

Àwọn ọmọ tó ń lọ láti ilé dé ilé gba súìtì kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ṣe rò. Àwa náà wọ aṣọ tuntun lọ kí àwọn àgbà nílé nílé ní Kérésì àti Iléyá. Bí ilé yín bá gbà á, ilé tó bá gbé elégédé síta nìkan ni kí wọ́n kàn, kí àgbàlagbà sì tẹ̀ lé wọn. Aṣọ ìmúra olówó pọ́ọ́kú lè tètè gbiná, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ aṣọ òwú sábẹ́ rẹ̀. Ẹ yẹ súìtì wò fún ọmọ tí ẹ̀pà kò bá lára mu. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò pọ̀: ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu ọ̀nà, àti pínpín súìtì dọ́gba láàárín ọmọ mẹ́ta, tí í ṣe ìṣirò tó le jù lọ nínú ọdún.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló máa ń ṣe ìrọ̀lẹ́ ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú orin, eré àti oúnjẹ. Ọ̀fẹ́ ni, ó dájú, kò sí ẹ̀rù níbẹ̀. Ọmọ tí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jáde kò ní jókòó sílé nìkan wo fèrèsé.

Ohun tí wọ́n ń tà

Àpótí eré tí wọ́n ti di, ìwé àwòrán tí ẹ ó tẹ̀ jáde, ilé ẹlẹ́rù tí ẹ ó sanwó wọ̀. Àpótí wúlò fún òbí tí kò ní àyè rárá, àmọ́ kọ́ọ̀nfúláwà àti sódà náà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwé àwòrán dára fún wákàtí kan. Ilé ẹlẹ́rù ni mo kábàámọ̀: wọ́n ní ọmọ kékeré lè wọ̀ ọ́, mo gbà, ọmọ mi kejì sì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wa fún òru mẹ́ta. Kò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ wà ní dídì.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún 6, kóró elégédé àti ilé ìdáná ni kó mú, pẹ̀lú àlọ́ kúkúrú tó ní orin. Kó fi mùsíọ́ọ̀mù onígò sílẹ̀. Ọmọ ọdún 6 sí 10, eegun ni, nílé lọ́jọ́ kan, lábẹ́ àbùùbùtán lọ́jọ́ kejì. Ọmọ tó ti lé lọ́dún 10 tó ń ṣe bí ẹni pé gbogbo nǹkan ti sú u, ẹ mú òun nìkan lọ sí Hunterian kí ẹ sì jẹ́ kó béèrè ìbéèrè.

Ilé tí kò gba Halloween rárá, elégédé onílẹ́tà, eegun, ewé àti àdán wà fún yín, pẹ̀lú ìrọ̀lẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹ bá jẹ́ Kristẹni. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, àlọ́ àti páàkì. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó ní mọ́tò, tó lówó, tí ojú ọjọ́ sì dára, oko elégédé kò burú, àmọ́ kó lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá kí èyí tó dára tó tán. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ló ní, kó ra elégédé lọ́jọ́ Sátidé, kó ka kóró rẹ̀ ní ogún-ogún, kó pa iná, kó sì pe màmá àgbà.

Ìyá mi ti sọ fún mi pé kí n má pe òun kí aago méje tó lù lọ́dún yìí. Ó ní egbére kì í jáde kí oúnjẹ alẹ́ tó tán.